Àlàyé: Ṣé iléeṣẹ́ tó bá ti jẹ gbèsè ti fẹ́ wọlẹ̀ ni? Bí àwọn iléeṣẹ́ orí ọjà ìpín ìdókòwò ní Accra ṣe ń yàn láàárín ẹ̀yáwó àti títa ìpín

Tí ẹ bá wà lára àwọn tó fi fóònù ra ìpín ìdókòwò MTN Gánà lọ́dún 2018, ó ṣeé ṣe kí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ti dé orí WhatsApp yín rí: orúkọ iléeṣẹ́ kan, iye bílíọ̀nù sẹ́dì tó jẹ ní gbèsè, àti ìkìlọ̀ pé kí ẹ tètè ta ìpín yín kí iléeṣẹ́ náà tó wọlẹ̀. Nígbà mìíràn, òdìkejì ni wọ́n máa ń pín kiri. Iléeṣẹ́ kan á kéde pé òun fẹ́ ta ìpín tuntun, ni àwọn èèyàn á bá ní owó ti tán lápò wọn.

Iye owó tó wà nínú irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kì í sábà tọ̀nà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí iléeṣẹ́ ńlá tí kò jẹ gbèsè rárá, bẹ́ẹ̀ ni títa ìpín tuntun kì í ṣe àmì pé iléeṣẹ́ ti tòṣì. Àwọn nǹkan tó ń pinnu iye tí iléeṣẹ́ máa yá àti iye tó máa gbà lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín pọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ náà. Ní Accra, èyí tó lágbára jù nínú wọn ni iye èlé tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń san nígbà tó bá ń yá owó.

Kí ni ìyàtọ̀ owó ẹ̀yáwó àti owó onípìn-ín?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ní ọjà Makola ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kejì, èrè tó ti kó jọ kò sì tó. Ó lè lọ yá owó. Ó sì lè ní kí àbúrò òun mú owó wá kí wọ́n jọ máa ṣe òwò náà. Bí ọjà tà, bí ọjà kò tà, ẹni tó yá a lówó máa béèrè owó rẹ̀ pẹ̀lú èlé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Àbúrò rẹ̀ kò dá ọjọ́ kankan. Bí èrè bá wà, á gba tirẹ̀. Bí kò bá sí, á ní sùúrù. Àmọ́ nígbà tí ìyá yìí bá san gbèsè tán, ayánilówó ti bá tirẹ̀ lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n àbúrò ṣì wà níbẹ̀. Ó ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún iléeṣẹ́ orí ọjà ìpín ìdókòwò. Gbèsè rẹ̀ ni owó tó yá ní báńkì, bọ́ǹdì tó tà fún àwọn ayánilówó, àti ọjà tó gbà láwìn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ohun èlò fún un. Owó onípìn-ín ni owó tí wọ́n fi ra ìpín rẹ̀, pẹ̀lú èrè ọdún tó ti kọjá tí wọn kò pín. Òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2019 ní Gánà kò jẹ́ kí onípìn-ín fi dandan gba èrè tí iléeṣẹ́ kò tíì kéde. Bí iléeṣẹ́ bá sì kógbá sílé, àwọn tó jẹ ní gbèsè ni wọ́n máa kọ́kọ́ sanwó fún. Onípìn-ín ló máa gbẹ̀yìn, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni tirẹ̀, ìyẹn bí nǹkan kan bá ṣẹ́ kù.

Nítorí pé òun ló gbẹ̀yìn, èrè tí onípìn-ín ń retí máa ń ju èlé tí ayánilówó ń gbà lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Wọ́n rò pé owó ìpín kò ná iléeṣẹ́ ní nǹkan kan nítorí pé kò ní èlé. Ó ń ná an. Ẹni tó bá ta ìdajì òwò rẹ̀ kò ní san èlé fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ìdajì èrè ọdọọdún ti lọ.

Kí ló kan T-bill ìjọba nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Kí báńkì tàbí ẹnikẹ́ni tó yá iléeṣẹ́ lówó ní Accra, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: èló ni ìjọba ń san? T-bill ni ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Oníṣòwò kékeré pàápàá lè rà á ní báńkì àdúgbò rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, òṣùwọ̀n èlé tí Bank of Ghana, ìyẹn báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà, gbé kalẹ̀ jẹ́ 14.5%. Kí ọdún náà tó parí, ó ti di 27%. Ó dé 30% ní oṣù Keje ọdún 2023. Ọ̀wọ́ngógó ọjà dé 54.1% ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, T-bill olóṣù mẹ́ta sì ń san nǹkan bí 35% lọ́dún ní àkókò yẹn. Ìjọba ló ń san iye yìí o, ìjọba tó lágbára láti gba owó orí. Èló wá ni báńkì máa béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń ta ọṣẹ? Bí ó bá béèrè 38%, iléeṣẹ́ tó yá mílíọ̀nù 10 sẹ́dì máa wá mílíọ̀nù 3.8 sẹ́dì fún èlé ọdún kan péré, kó tó dá kọ́bọ̀ padà nínú owó tó yá gan-an. Òwò tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wọlé kò wọ́pọ̀.

Àwọn ìwé ìmọ̀ ìṣúná sábà máa ń sọ pé bí ẹ̀yáwó bá ti gbówó lórí, kí iléeṣẹ́ lọ ta ìpín. Ní Accra, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé T-bill tó mú kí ẹ̀yáwó gbówó lórí náà ló tún ń lé àwọn oníbàárà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìpín. Àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ni oníbàárà ńlá tí iléeṣẹ́ lè retí. Bí wọ́n bá lè jókòó sílé gba 35% lọ́wọ́ ìjọba, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìpín iléeṣẹ́ ṣe, àyàfi bí wọ́n bá rà á ní ọ̀pọ̀? Ẹni tó bá ta ìpín ní irú àkókò yẹn, ńṣe ló ń ta ilé rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Nítorí náà, ọ̀nà méjèèjì ló dí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó wá kù ni èrè tí iléeṣẹ́ kò pín, àti ọjà àwìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Stewart Myers, ti kọ ọ́ lọ́dún 1984 pé àwọn iléeṣẹ́ máa ń tẹ̀ lé ìtò kan: wọ́n á kọ́kọ́ ná owó ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á yá owó, ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ni wọ́n á ta ìpín. Ìdí tó fi sílẹ̀ ni pé ọ̀gá iléeṣẹ́ mọ inú òwò rẹ̀ ju ẹni tó fẹ́ ra ìpín lọ, ẹni tó fẹ́ rà á náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa fura pé: bí ó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ó fi ń tà á? Ìfura yẹn gan-an ló wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí a fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìfura òmùgọ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ní Accra gan-an, Joshua Abor, onímọ̀ ìṣúná, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2005 lórí àwọn iléeṣẹ́ 22 tó wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò Gánà láàárín ọdún 1998 sí 2002. Ó rí i pé gbèsè ọlọ́jọ́ kúkúrú ló pọ̀ jù nínú gbèsè wọn. Ó tún rí i pé irú gbèsè yìí ń bá èrè rere rìn, nígbà tí gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn ń bá èrè tó dínkù rìn. Èyí kò fi hàn pé gbèsè kúkúrú ló ń fa èrè. Àmọ́ ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bá sọ fún yín pé gbogbo gbèsè ló ń pa iléeṣẹ́.

Kí ni pàṣípààrọ̀ bọ́ǹdì ìjọba ṣe fún àwọn báńkì?

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba Gánà kéde pé kí àwọn tó ní bọ́ǹdì ìjọba lọ́wọ́ wá pààrọ̀ rẹ̀ fún bọ́ǹdì tuntun tí èlé rẹ̀ kéré, tí ọjọ́ sísan rẹ̀ sì jìnnà. Wọ́n yọ T-bill sílẹ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lọ dúró níwájú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣúná ní oṣù Kejì ọdún 2023. Adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀ rí, Sophia Akuffo, wà lára wọn. Nígbà tí ètò náà máa parí lóṣù yẹn, bọ́ǹdì tó tó nǹkan bí bílíọ̀nù 83 sẹ́dì ni wọ́n ti pààrọ̀.

Àwọn báńkì wà lára àwọn tó ní bọ́ǹdì yìí jù lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò. Owó tí ẹ fi pamọ́ sí báńkì jẹ́ gbèsè tí báńkì jẹ yín. Bí iye ohun tí báńkì ní bá já wálẹ̀, gbèsè yẹn kò dínkù pẹ̀sẹ̀ kan. Inú owó onípìn-ín ni àdánù náà ti máa jáde. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ń mú báńkì ní dandan láti ní owó onípìn-ín tó tó ìwọ̀n kan. Bank of Ghana dín ìwọ̀n náà kù láti 13% sí 10% kí wọ́n lè mí, ó sì fún wọn ní àkókò títí di ìparí ọdún 2025 láti tún un kún.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, báńkì àpapọ̀ ti gbé owó ìdásílẹ̀ tó kéré jù fún báńkì kọ̀ọ̀kan láti mílíọ̀nù 120 sí mílíọ̀nù 400 sẹ́dì, ó sì fún wọn di ìparí ọdún 2018. Ẹ̀yáwó kò lè yanjú irú àṣẹ yìí. Ó di dandan kí wọ́n ta ìpín, kí wọ́n fi èrè wọn kún owó ìdásílẹ̀, tàbí kí wọ́n da òwò wọn pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà tí gbèdéke náà pé, báńkì 23 ló kù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí báńkì tó ń ta ìpín nínú ọdún tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ kọ́kọ́ wo àṣẹ náà kí ẹ tó sọ pé owó ti tán. Lọ́dún 2024, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà náà ní kí báńkì tó ń ṣòwò kọjá ilẹ̀ Nàìjíríà ní owó ìdásílẹ̀ tó tó bílíọ̀nù 500 náírà, àwọn báńkì tó lórúkọ jù lọ sì jáde wá ta ìpín.

Ẹ rántí UT Bank náà, tó wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò Accra. Nígbà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, GCB gba àwọn àkáǹtì olùfowópamọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀. Kò sí ẹni tó gba ìpín àwọn onípìn-ín sọ́dọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ báńkì náà kúrò lórí ọjà.

Bí òfin àti owó orí ṣe ń darí ìpinnu

MTN Gánà kò ta ìpín lọ́dún 2018 nítorí pé ó ń wá owó kiri. Ìwé àṣẹ 4G tó gbà ní ìparí ọdún 2015 ló ní kí ìdá 35% iléeṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ọmọ Gánà. Wọ́n ta ìpín kọ̀ọ̀kan ní 0.75 sẹ́dì, àwọn èèyàn sì lè fi owó orí fóònù rà á. Ó lé ní 120,000 èèyàn tó rà á. Síbẹ̀, nínú bílíọ̀nù 3.48 sẹ́dì tí wọ́n ń wá, nǹkan bí bílíọ̀nù 1.15 ló wọlé. Iléeṣẹ́ tí gbogbo ìlú mọ̀, tí ó ń jèrè, kò rí ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá ń béèrè ìdí tí àwọn iléeṣẹ́ Accra kò fi kàn ń ta ìpín dípò kí wọ́n jẹ gbèsè, ara ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn: ọjà náà kò tíì jinlẹ̀ tó.

Ti owó orí kò gùn. Owó orí iléeṣẹ́ ní Gánà jẹ́ 25% èrè. Wọ́n máa ń yọ èlé ẹ̀yáwó kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí, àmọ́ wọn kì í yọ èrè tí wọ́n pín fún onípìn-ín. Iléeṣẹ́ tó san 100 sẹ́dì fún èlé ti dín owó orí rẹ̀ kù ní 25 sẹ́dì, èyí sì ń fa iléeṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ gbèsè. Òfin owó orí ọdún 2015 wá fi ìdíwọ̀n kan sí i fún àwọn iléeṣẹ́ tí òbí wọn lókè òkun ń darí: bí gbèsè bá ti ju sẹ́dì mẹ́ta lọ sí sẹ́dì kan owó onípìn-ín, èlé orí èyí tó lé kì í dín owó orí kù mọ́. Láìsí ìyẹn, ìyá iléeṣẹ́ lókè òkun lè máa pe gbogbo owó tó ń fi ránṣẹ́ ní ẹ̀yáwó, kí èrè sì máa jáde lọ ní orúkọ èlé.

Gbèsè dọ́là àti gbèsè sẹ́dì kì í ṣe ọ̀kan náà

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá sọ iye gbèsè láìsọ irú owó tí wọ́n fi yá a, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni wọ́n fi sílẹ̀ yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nǹkan bí sẹ́dì mẹ́fà ni dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó ti sún mọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iléeṣẹ́ tó ń ta ọjà rẹ̀ ní sẹ́dì, tó sì jẹ gbèsè dọ́là, rí i kí gbèsè rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ láìyá kọ́bọ̀ kún un.

Ní Nàìjíríà, Nigerian Breweries rí irú rẹ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, iléeṣẹ́ ọtí náà pàdánù nǹkan bí bílíọ̀nù 106 náírà lọ́dún yẹn, gbèsè owó òkèèrè sì wà lára ohun tó fà á. Lọ́dún 2024, wọ́n fi ìpín tuntun lọ àwọn onípìn-ín tó ti wà tẹ́lẹ̀, ohun tí àwọn oníṣòwò ìpín ń pè ní rights issue: ìpín tuntun 11 fún ẹni tó bá ní 5, ní 26.50 náírà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 599 náírà, wọ́n sì sọ pé gbèsè ni àwọn fẹ́ fi san. Onípìn-ín tí kò bá rí owó ra tirẹ̀ máa rí i pé ìdá tó ní nínú iléeṣẹ́ ti kéré gan-an. Heineken tó ni èyí tó pọ̀ jù lówó láti ra tirẹ̀. Ẹ̀rù yìí, pé ohun tí mo ní máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, wà lára ohun tó ń mú kí àwọn tó ni iléeṣẹ́ fẹ́ ẹ̀yáwó ju títa ìpín lọ, kódà nígbà tí èlé bá ga.

Ashanti Goldfields tiẹ̀ ti fi hàn ṣáájú pé gbèsè lè di ìpín láìròtẹ́lẹ̀. Ìpín iléeṣẹ́ wúrà yìí dé orí ọjà Accra lọ́dún 1994, ó sì dé New York lọ́dún 1996. Ó ti bá àwọn báńkì ńlá òkèèrè ṣe àdéhùn lórí iye tí wúrà rẹ̀ máa jẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, àwọn báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù kéde pé àwọn máa dín wúrà tí àwọn ń tà kù, iye wúrà sì fò sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó yẹ kí awakùsà wúrà máa jó, àmọ́ àdéhùn náà ti yí padà mọ́ Ashanti lọ́wọ́: àwọn báńkì 17 lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ju mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n má baà béèrè rẹ̀, ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti ra ìpín tó tó 15% iléeṣẹ́ náà. Lọ́dún 2004, ó dara pọ̀ mọ́ AngloGold. Awakùsà kò lè sọ iye tí wúrà máa jẹ́ lọ́la. Ẹni tó ń ta káàdì ìpè mọ ohun tó máa wọlé lóṣù tó ń bọ̀ dé ìwọ̀n àyè kan. Gbèsè tí ẹnì kejì lè gbé lè pa ẹnì àkọ́kọ́.

Kí ni ẹ lè fúnra yín wò?

Iléeṣẹ́ tó bá wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò Gánà gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò owó rẹ̀ jáde, ẹ sì máa rí i lórí ìkànnì ọjà náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá èrè tó jẹ kó tó san èlé, kí ẹ fi wé èlé tó san lọ́dún kan náà. Bí èrè náà bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún èlé, bílíọ̀nù gbèsè tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín kò fi bẹ́ẹ̀ le. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí àlàyé tó wà lábẹ́ ìṣirò, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ pé sẹ́dì ni tàbí dọ́là, pé oṣù mẹ́fà ló kù tàbí ọdún mẹ́fà, àti pé báńkì ló yá wọn tàbí ìyá iléeṣẹ́ wọn.

Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìṣirò náà pẹ̀lú. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá ọdún 2025, òṣùwọ̀n èlé Bank of Ghana já láti 28% wá sí 18%, T-bill olóṣù mẹ́ta sì ti wà ní ìsàlẹ̀ 16% láti ìdajì ọdún náà. Iléeṣẹ́ tó sá fún ẹ̀yáwó lọ́dún 2023 lè yá owó báyìí, kó jẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ ló pé. Bí ó bá jẹ́ ìpín tuntun ni wọ́n ń tà, ìwé tí wọ́n fi ń ta ìpín náà máa ń ní ojú ewé kan tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Ẹ ka ojú ewé yẹn kí ẹ tó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà síwájú.